Kérésìmesì Tí Bàbá Àgbà àti Màmá Àgbà Kò Sí Nílé



Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò rí ní Ọjọ́ta ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá kò nílò àlàyé lórí ohun tí Kérésìmesì jẹ́ fún Yorùbá. Owó ọkọ̀ ti fò sókè, àpò ìrẹsì wà lábẹ́ ìjókòó, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ ń ké nínú bùútù, gbogbo èrò sì kọjú sí Ìjẹ̀bú, sí Ìbàdàn, sí Ifẹ̀, sí Èkìtì. Ilé ni wọ́n ń lọ. Bí a bá bi wọ́n léèrè pé ilé ta ni, ilé bàbá àti màmá ni. Àgbà á jókòó sílé, ọmọ á gba ọ̀nà jíjìn wá kí i. Màmá á ti ra àwo tuntun. Bàbá á ti kun ògiri iwájú ilé, ó kéré tán.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí fi lè ṣàjèjì létí wa. Àwọn àgbà kan wà láyé tí wọ́n máa ń jáde nílé nígbà tí àwọn ọmọ yẹ kó máa wọlé. Kí oṣù Kejìlá tó dé, bàbá àti màmá ti ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ti bá ọkọ̀ òfurufú lọ sí ìlú tí wọn kò ní ìbátan kankan sí. Iṣẹ́ míṣọ́nnárì ni wọ́n lọ ṣe. Àwọn ọmọ-ọmọ á ṣọdún láìfojú kàn wọ́n.

A ní ohun tó fara jọ ọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà Yorùbá ló ti ṣe Kérésìmesì nínú òtútù Peckham tàbí nínú oòrùn Houston nítorí ọmọ tuntun tí wọ́n lọ wẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwọn ni wọ́n lọ wẹ̀. Ti ẹni tó fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ bá ọmọ ọlọ́mọ ṣọdún, ọ̀tọ̀ ni.

Ìjọ tó sọ irú ìrìn-àjò yìí di ètò ńlá, tí àwọn tọkọtaya àgbà ń lọ lọ́dọọdún, ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Mọ́mọ́nì. Salt Lake City ní ìpínlẹ̀ Utah, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni olú-ilé wọn wà. Ní Nàìjíríà nìkan, ọmọ ìjọ náà ti lé ní 200,000. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ni a sábà ń rí ní títì, méjì-méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì lọ́rùn, báàjì dúdú kékeré láyà, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn bí ẹni pé oòrùn kò pa wọ́n. Tọkọtaya àgbà kò wọ́pọ̀ lójú títì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà.

Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an tó ohun tí Yorùbá á fi rẹ́rìn-ín. Láti 2012 ni ọmọkùnrin tó pé ọdún 18 ti lè di míṣọ́nnárì nínú ìjọ náà. Ọdún 19 ni tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ sí báàjì rẹ̀ ṣáájú orúkọ ìdílé ni “Elder”, Alàgbà lédè wa. Alàgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa! Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, Alàgbà lòun náà, báàjì kan náà ló lẹ̀ máyà. Ìyàwó rẹ̀ ni Arábìnrin. Ẹnu ọmọ Yorùbá kì í gba pé kí a fi oyè kan náà pe bàbá àti ọmọ, nítorí náà kì í pẹ́ tí “Bàbá” àti “Màmá” fi ń yọ́ wọnú ọ̀rọ̀.

Nǹkan míì tún ya àgbà sọ́tọ̀ sí ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́kùnrin máa ń lo ọdún méjì, ọ̀dọ́bìnrin máa ń lo oṣù 18, wọ́n sì ní òfin tó le lórí ìgbà tí wọ́n á jí àti ìgbà tí wọ́n á sùn. Tọkọtaya àgbà lè lọ fún oṣù 6, 12, 18 tàbí 23. Kò sí ẹni tó ń fi agogo lé wọn jí, kò sì pọn dandan kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìntì ni wọ́n sábà ń gbé lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ti ṣe akáǹtì rí á máa tọ́jú ìwé owó ní ọ́fíìsì. Nọ́ọ̀sì á máa dá àwọn ọ̀dọ́ lóhùn lórí ibà àti inú rírun. Ẹlòmíràn á máa wá ilé tí àwọn míṣọ́nnárì máa gbé, á máa bá onílé dúnàá-dúrà, á sì máa lọ wò ó bóyá àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó wà níbẹ̀ ń fọ ìkòkò wọn. Ìròyìn ìkòkò náà kì í sábà dùn.

Kò sí owó oṣù. Àpò ara wọn ni wọ́n fi ń bọ́ ara wọn. Ní 2011, ìjọ náà fi ààlà sí iye tí tọkọtaya tó jìnnà sílé máa san lórí ilé gbígbé: kò gbọdọ̀ ju dọ́là 1,400 lọ lóṣù, ìjọ á sì fi ìyókù kún un. Ó hàn gbangba pé owó ìfẹ̀yìntì tí kì í yẹ̀ ló gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ ró. Tíṣà tó fẹ̀yìntì lọ́dọ̀ wa, tó ṣì ń tò lórí ìlà nínú oòrùn kí wọ́n lè fojú rí i pé kò tíì kú, ọgbọ́n mìíràn ló máa dá kó tó lè sin ìjọ rẹ̀ fún oṣù 23 láìgba kọ́bọ̀. Síbẹ̀ àwọn tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà wà tí wọ́n ń ṣe é.

Báwo wá ni ọjọ́ Kérésìmesì ṣe máa ń rí fún irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìn wá. Àwọn tọkọtaya méjì kan wà tí orúkọ wọn wọ ìtàn, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín sì ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Títí di oṣù Kẹfà 1978, ìjọ yìí kì í fi oyè àlùfáà jẹ ọkùnrin tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú. A kò lè fi ọwọ́ bo ìyẹn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò, àwọn ènìyàn kan ní Nàìjíríà àti Ghana ti ka ìwé ìjọ náà, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ pe ara wọn, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí Utah pé kí ẹnìkan wá bá àwọn. Ìjọ náà gbìyànjú láti rán míṣọ́nnárì wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn Nigerian Outlook tú ọ̀rọ̀ òfin aláwọ̀ dúdú náà síta ní 1963, físà kò jáde mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró dè wọ́n ni Anthony Uzodimma Obinna, tíṣà kan ní Mbaise, nílẹ̀ Ìgbò. Ó lálàá ní 1965 pé ọkùnrin gíga kan mú òun wọ ilé ńlá kan tó lẹ́wà púpọ̀. Nígbà Ogun Abẹ́lé, tí kò sí ibi à ń lọ, ó mú ìwé ìròyìn Reader’s Digest àtijọ́ kan, ti oṣù Kẹsàn-án 1958, ó ṣí i, ó sì rí ilé inú àlá rẹ̀ nínú àwòrán. Tẹ́mpìlì Salt Lake City ni. Ó kọ lẹ́tà. Ó kọ òmíràn. Ọdún ń yí lu ọdún.

Àwọn tí ìjọ náà wá rán nígbà tí ọ̀nà là kì í ṣe ọ̀dọ́. Rendell Mabey àti Rachel ìyàwó rẹ̀ ni, pẹ̀lú Edwin Cannon àti Janath ìyàwó tirẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kọjá ìgbà èwe dáadáa. Janath ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nípò igbá-kejì olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ náà lágbàáyé. Edwin sì ti wá yẹ ilẹ̀ Nàìjíríà àti Ghana wò ní oṣù Kẹjọ 1978. Ní 21 oṣù Kọkànlá 1978 wọ́n ri ènìyàn 19 bọmi nínú odò kan nítòsí abúlé Obinna. Obinna ló kọ́kọ́ wọ omi. Fidelia aya rẹ̀ di olórí àwọn obìnrin ìjọ tuntun náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn tọkọtaya náà fi dé Ghana, níbi tí Joseph William Billy Johnson ti ń wàásù láti 1964, tó ti kó àwọn ènìyàn jọ ní Cape Coast, tó sì ń retí. Ní 9 oṣù Kejìlá, ìrìbọmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà.

Ìyẹn ni pé Kérésìmesì 1978 bá wọn lórí ìrìn. Oṣù méjì kò tíì pé tí wọ́n kúrò ní Utah, níbi tí yìnyín ti ń bo òrùlé ní àkókò náà, tí wọ́n sì ti ń tan iná aláràbarà yí tẹ́mpìlì ká ní gbogbo oṣù Kejìlá láti 1965. Ọyẹ́ ló bá wọn níhìn-ín, eruku pupa, omi tí a gbọ́dọ̀ sè kí a tó mu. GSM kò ní dé Nàìjíríà títí di 2001. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ-ọmọ wà láàyè, lẹ́tà náà a sì máa rìn bí ìgbín.

Wọn kò mú Kérésìmesì bọ̀ wá o. Wọ́n bá a níbẹ̀ ni. Àwọn ará Mbaise àti Cape Coast ti ń ṣọdún ìbí Jésù kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú aṣọ tuntun àti ìrẹsì àti ìlù. Àwọn òyìnbó arúgbó mẹ́rin yìí ni àlejò níbi ọdún náà. Nígbà tí wọ́n fi pé ọdún kan, àwọn tí wọ́n ti rì bọmi ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti lé ní 1,700, ìjọ kéékèèké 35 sì ti dúró. Àwọn ẹni tó yẹ kó wà lórí àga onítìmùtìmù, kí ọmọ-ọmọ máa gun wọ́n lẹ́sẹ̀, ló ṣe é.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àgbà kì bá ti ṣeé ṣe láyé àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká yà sí Badagry fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní 24 oṣù Kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí etíkun Badagry. Àwọn Ẹ̀gbá tó ti oko ẹrú bọ́, tí wọ́n gba Sàró wálé, ló ń wá oníwàásù. Freeman lọ sí Abẹ́òkúta, ó dé ibẹ̀ ní 11 oṣù Kejìlá, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó padà sí Badagry ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó sì bá Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Abẹ́ igi Agia ni wọ́n ti jọ ṣe ìsìn ọdún náà, igi ńlá tó wà láàyè títí di oṣù Kẹfà 1959 kó tó wó. Ìtàn máa ń pe ọdún náà ní Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá rántí pé àwọn àlùfáà Pọtogí ti ń wọ Benin àti Warri láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìjà níbẹ̀.

Freeman kò mú ìyàwó wá. Ìyàwó méjì ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Gold Coast láàárín 1838 sí 1841. Tọkọtaya tó wà nínú ìrìn-àjò náà ni William de Graft, ọmọ ilẹ̀ Fante, àti aya rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kì í tilẹ̀ dárúkọ. Àwọn ni wọ́n fi sílẹ̀ ní Badagry láti máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí Freeman ti kọjá. Kí á máa ka ọkùnrin méjì lábẹ́ igi, kí á gbàgbé obìnrin tó ń dáná, àṣà àwọn tó ń kọ ìtàn ni.

Tàbí ká wo David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì CMS kan ní Kúdẹtì, Ìbàdàn. Wọ́n dé ní 1853. Nígbà tí ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sì dí ọ̀nà etíkun, wọ́n há sí Ìbàdàn. Owó tí ìjọ wọn ń fi ránṣẹ́ kò lè wọlé mọ́. Wọ́n ń ta ẹrù inú ilé kí wọ́n lè jẹun, àwọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́. Ní 1865 ni wọ́n tó rán Ọ̀gágun Maxwell láti Èkó gba àárín ewu wá mú Anna jáde. Ẹ ka iye Kérésìmesì tó wà láàárín 1860 àti 1865, márùn-ún ni. Ọdún 43 péré ni Anna nígbà tó kú ní 1870.

Ibi tí a ń lọ nìyẹn. Láyé ìgbà náà, míṣọ́nnárì kì í sábà di àgbà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibà kì í jẹ́ kó pẹ́. Ọ̀dọ́ ni wọ́n wá, ọ̀dọ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú. Pé bàbá ẹni ọdún 68 lè fi oògùn ibà sínú báàgì, kó wọ ọkọ̀ òfurufú, kó wá lo oṣù 18 ní Ìbàdàn, kó sì padà lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, ohun tuntun nínú ayé ni. Ewu kò tán o. Tẹ́mpìlì ìjọ náà ní Aba, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 7 oṣù Kẹjọ 2005, wọ́n ní láti tì í pa fún ìgbà kan láti 2009 nítorí ìwà ipá ní agbègbè náà. Irú ibẹ̀ ni àwọn tọkọtaya àgbà ti máa ń sìn. Kérésìmesì tí a ṣe lẹ́yìn ògiri gíga, pẹ̀lú mègáádì lẹ́nu géètì, kò lè rí bíi tòde.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fojú inú wo irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. A kàn fẹ́ wo bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ya ọmọ ìjọ Áńgílíkà lẹ́nu ni pé kò sí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn kì í pe ìjọ jọ ní Kérésìmesì àyàfi tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, bó ṣe bọ́ sí i ní 2016 àti 2022. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá ni àwọn olórí wọn sábà máa ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ Kérésìmesì láti Salt Lake City, akọrin ńlá wọn á sì kọrin. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, agogo méjì òru ni níhìn-ín. Bàbá àti màmá kò jí gbọ́ ọ. Wọ́n dúró di ìgbà tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀ Kérésìmesì yìí, aládùúgbò wọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì nínú léèsì tuntun rí bàbá ní ẹnu géètì pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ó ń fi rọ́bà bomi sí òdòdó. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tó rò nínú, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ní kíṣìnì, màmá ń ṣe bisikíìtì. Ní Utah, àwo bisikíìtì tí a ṣe nílé ni aládùúgbò máa ń gbé fún aládùúgbò ní Kérésìmesì, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń gbé kúlà ìrẹsì kiri. Fúláwà wà, ṣúgà wà, bọ́tà wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń yọ́ kó tó kúrò nínú ọ̀rá. Ààrò gáàsì náà kò ní nọ́ńbà kankan lára, èyí tó kù kò ju “kékeré” àti “ńlá” lọ. Ìpele àkọ́kọ́ jó. Èkejì kò jinná. Nígbà tí ìkẹta ń bọ́ sọ́nà ni géètì ró.

Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì ló dé, mẹ́fà, ṣẹ́ẹ̀tì wọn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lónìí ló jẹ́ ọmọ Áfíríkà fúnra wọn, nítorí náà kò sí òyìnbó kan láàárín wọn. Ọ̀kan wá láti Ghana, ọ̀kan láti Calabar, àwọn tó kù láti ibi gbogbo. Ọmọ Calabar wo ìrẹsì tí màmá gbé kaná, ó bẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé kó lọ jókòó, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Ghana ní ohun tó ń sè yẹn kì í ṣe jọ̀lọ́ọ̀fù. Bàbá kò mọ̀ pé ìjà àgbáyé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú kíṣìnì òun. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Kò sí bíà lórí tábìlì, kò sí ẹmu, kò sí tíì àti kọfí; ẹ̀kọ́ ìjọ náà láti 1833 ló wí bẹ́ẹ̀. Sóbò tútù wà nínú jọ́ọ̀gì, pupa bí ẹ̀jẹ̀, atalẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ débi tí bàbá fi ń wúkọ́.

Tẹ́lẹ̀, irú ilé báyìí ni ìlà máa ń wà ní ọ̀sán Kérésìmesì. Títí di oṣù Kejì 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì lè pe ilé lórí fóònù: ọjọ́ Kérésìmesì àti Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Í-méèlì ló ń ṣe ìyókù. Níwọ̀n bí ó sì ti jẹ́ pé ilé tọkọtaya àgbà ni íntánẹ́ẹ̀tì tó dára àti ìjókòó gidi sábà máa ń wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn yàrá á wà ní títì, àwọn tó kù á máa díbọ́n pé àwọn kò gbọ́ ẹkún. Màmá àgbà á ti gbé àpò hankí tí a fi ń nujú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ní báyìí tí wọ́n ti lè pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹkún náà ti dín kù. Àwọn kan lára àwọn àgbà sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹni tó máa sọ fún ìyá kankan pé kò dára.

Tọkọtaya àgbà fúnra wọn kò sí lábẹ́ òfin yẹn rí. Ìgbàkígbà ni wọ́n lè pe àwọn ọmọ wọn. Aago ni ìṣòro tiwọn. Wákàtí mẹ́jọ ni Nàìjíríà fi ṣáájú Utah ní oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó ń sáré wọ pálọ̀ láti wá ẹ̀bùn, ní agogo méje òwúrọ̀, agogo mẹ́ta ọ̀sán ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá fóònù ní Bódìjà. Láti agogo méjì ààbọ̀ ni màmá ti ń wo aago. Ó jẹ ìrẹsì díẹ̀. Ó fi ẹran sílẹ̀.

Agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, iná lọ.

Bàbá dìde láti lọ tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, nítorí wọ́n mọ okùn tó máa ń le koko lára rẹ̀. Ó dún, ó kú, ó dún. Màmá ti gbé fóònù tì àgé omi lórí tábìlì kó má bàa ṣubú. Ojú ọmọ mẹ́ta yọ, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ oorun, irun wọn dúró ṣánṣán, wọ́n ń dúró kí bàbá wọn sọ pé ó yá. Ẹ̀yìn wọn, lójú fèrèsé, gbogbo nǹkan funfun. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kéré jù fẹ́ mọ̀ bóyá Bàbá Kérésì máa ń dé Nàìjíríà nígbà tí kò sí yìnyín tí ọkọ̀ rẹ̀ máa gùn. Bàbá àgbà, tí epo jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní òun kò tíì rí i, ṣùgbọ́n òun gbọ́ pé ó máa ń jókòó sínú ihò kan ní àwọn ilé ìtajà, wọ́n sì ń gba owó kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wọlé.

Géètì tún ró. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ àdúgbò ni, márùn-ún tàbí mẹ́fà, aṣọ Kérésì tó ga ju kokosẹ̀ lọ lọ́rùn àwọn kan, gíláàsì dúdú tí wọ́n rà fún ọdún lójú gbogbo wọn. “Ẹ kú ọdún o, Màmá!” Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́. Wọn kò wá wàásù, wọn kò sì wá gbọ́ ìwàásù. Òde ojúlé mẹ́rin ni wọ́n ti ń bọ̀, àpò wọn ń dún fún owó wẹ́wẹ́, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Ràfíù sì wà lára àwọn tí ohùn wọn ga jù.

Màmá gbé àwo bisikíìtì ìpele kẹta dé ẹnu ọ̀nà, fóònù ṣì wà ní ọwọ́ kejì. Wọ́n mú un ní méjì-méjì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ jẹ láti dán an wò. Ọ̀kan yọ gíláàsì rẹ̀ kó lè rí inú fóònù náà dáadáa. Ó tọ́ka sí àwọn ọmọ tó wà lórí àtẹ̀gùn.

“Màmá, ta ni ìwọ̀nyí?”

Láti inú fóònù, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó kéré jù náà ń béèrè ohun kan náà.